Bí Mo Ṣe Gba Eré Àṣekágbá ní Gaborone

Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnu ọ̀nà mi ní Ìpọ̀nrí kò dá. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ tí ẹ ti di bàbá àti ìyá ọmọ, gbogbo yín lẹ bi mí pé báwo ni Botswana ṣe rí. Mo dá yín lóhùn pé ó dára. Ìdáhùn yẹn kò tó. Bí ọmọ kan bá kọ irú rẹ̀ sínú ìwé, ńṣe ni mo máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, tí n ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ṣe àlàyé. Àlàyé tèmi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe, nítorí mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri Surulere. N kò lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, orúnkún mi kò sì gbà á. Ampáyà ni mí, adájọ́ eré sọ́fútibọ́ọ̀lù. Eré náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Ẹnì kan, tí à ń pè ní ajubọ́ọ̀lù, á fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí béèsì mẹ́rin ká. Béèsì kẹrin là ń pè ní ilé, ẹni tó bá sì sáré dé ibẹ̀ ti gba ayò kan. Ampáyà tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo jù ni ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn ilé, tó fi irin bo ojú, tó ń sọ bóyá ìjù kọ̀ọ̀kan tọ̀nà.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe é, ní òwúrọ̀ Sátidé, lórí pápá kan ní Surulere tí a jọ ń lò pẹ̀lú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Aago mẹ́wàá ni pápá náà di tiwọn. Láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, tí wọ́n á máa súfèé, tí wọ́n á máa pè wá ní ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó. Nítorí náà, kíákíá la máa ń ṣe eré wa.

Kò sí ẹni tó kàn ń jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n á ní kó wá ṣe ampáyà ìdíje ńlá. Èèyàn á jókòó ṣe ìdánwò òfin. Àwọn àgbà á wá jókòó pẹ̀lú pépà, wọ́n á máa fún un ní máàkì bó ṣe ń dúró àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde, láti ọdún dé ọdún. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti wò mí tí wọ́n sì ní kí n padà wá. Lọ́dún yìí ni lẹ́tà dé pé wọ́n ti yàn mí sí ìdíje àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà, ní Gaborone. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí mi á ti kọjá èyí tí wọ́n ń rán jáde. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé sọ́kàn kúrò nílé: kí n dúró sẹ́yìn ilé nínú eré àṣekágbá. Ọkọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Èmi nìkan ni mo ti ilẹ̀kùn, tí mo dì í mú wò bóyá ó ti dáadáa, tí mo sì lọ.

Ìlú tó dákẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ kí mi ní Gaborone ni òtútù. Oṣù Keje ni, èmi sì ti rò pé bí òòrùn bá ti ń ràn, ooru ló ń mú. Òòrùn ń ràn lóòótọ́, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbẹ kan ń fẹ́ tó ń la ètè. Ojú ọ̀run ibẹ̀ gbòòrò ju tiwa lọ, àbí nítorí pé kò sí ilé tó dí i ni. Kò sí ariwo. Mo dúró síta, mo ń retí kí ẹnì kan pe ẹnì kan láti òdìkejì títì. Ẹnì kankan kò pe ẹnì kankan.

Obìnrin tó wá pàdé mi ń jẹ́ Kelebogile. Ampáyà ni òun náà, ọmọ ìlú yẹn ni, ọjọ́ orí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. "Mma" ni wọ́n ń pe obìnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀, nítorí náà Mma Kelebogile ni mo ń pè é. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ó sì fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá ọ̀tún náà, bí ẹni pé ọwọ́ náà wúwo. Àpọ́nlé ni. Èmi náà ti tẹ orúnkún díẹ̀ kí n tó mọ̀. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo ní kí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fún mi ní omi. Kò ṣe bí ẹni gbọ́. Ó wo ojú mi, ó rọra ní, "Dumela, mma," ó sì dúró. Ìkíni wọn nìyẹn. Mo dáhùn, mo bi í pé ṣé àlàáfíà ló wà, òun náà bi mí. Ìgbà náà ló tó gbé omi fún mi. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ ogún ọdún kọ́ pé kí n máa kí èèyàn. Mo gbà á. Ó tọ́ sí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá àwa ampáyà kó wa jọ. Ọkùnrin ará Namibia kan ni, Petrus lorúkọ rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbé ohùn sókè. Àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀, láti ilẹ̀ mẹ́jọ. Ó ka òfin ìdíje fún wa, ó sì ní kí a fọwọ́ sí i. Ampáyà kò gbọdọ̀ jẹun pẹ̀lú ẹgbẹ́ kankan. Kò gbọdọ̀ bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ju ohun tí eré bá béèrè, títí ìdíje á fi parí. Kò sì gbọdọ̀ ṣe ampáyà eré tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i. Òfin tó dára ni. N kò rò ó síwájú ju ìyẹn lọ.

Tábìlì wa àti tábìlì wọn

Yàrá oúnjẹ kan ni gbogbo wa ń lò. Tábìlì ampáyà wà lẹ́bàá fèrèsé, ti àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lọ́nà ilé ìdáná. Ohun tí wọ́n ń sè jù ni ẹran màlúù tí wọ́n bọ̀ títí ó fi rọ̀, tí wọ́n wá gún un, pẹ̀lú ọkà bàbà tí wọ́n rò bí ìgbà tí a bá ro ọkà tiwa. Iyọ̀ nìkan ló wà nínú ẹran náà. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ni ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ata kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ láti Yaba. Ajubọ́ọ̀lù wọn ni Ṣadé, ọmọ Mushin, ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ń rán aṣọ. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Ọmọ tó máa ń parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn ni, tí n ó sì ní kó padà lọ wò ó. Ọdún mẹ́fà ló ti ń jù lórí pápá wa ní Sátidé, tí èmi sì ń lóṣòó sẹ́yìn ilé.

Ní Gaborone, n kò lè kí i. Mo kàn ń gbọ́ wọn ni.

"Ata dà? Ta ló gbé ata yẹn?"

"Ọwọ́ Bísí ló wà. Ẹ wò ó, ó ti fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì."

"Bísí, ìwọ ahun yìí. Ṣé o fẹ́ gbé e padà sí Ìwáyà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, ẹ má dá wọn lóhùn," ni Bísí wí. "Lánàá àwọn náà ló ní ata ò dáa fún agbábọ́ọ̀lù."

Mo rẹ́rìn-ín sínú àwo mi. Ampáyà ará Kenya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé kí ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó mi orí pẹ̀lú sùúrù, ọ̀rọ̀ náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti wà ní ibi tí n kò ti gbọ́ Yorùbá rí, ó tó oṣù kan, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi. Ìyẹn kò dà bí èyí. Kí èèyàn máa gbọ́ èdè rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí ó má lè dáhùn, ìyẹn ló le. Bí mo bá ti jẹun tán, yàrá mi ni mò ń lọ. Mo máa ń ka ìwé òfin eré sókè, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ara mi.

Ìwé ara ògiri

Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Petrus á lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: eré ọ̀la, ampáyà rẹ̀, ẹni tó máa wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin fi máa pé, ó ti fi mí sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ohùn mi kò mì, ojú mi kò sì kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ó ní èmi àti Mma Kelebogile ló wà lókè ìwé òun fún eré àṣekágbá, ṣùgbọ́n a mọ òfin.

A mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ Yaba ti ń borí. Ẹgbẹ́ Gaborone náà ń borí. Àwọn méjèèjì ló sì máa pàdé nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá. Bí Yaba bá wọlé, èmi bọ́ sílẹ̀. Bí Gaborone bá wọlé, Mma Kelebogile bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin náà kò fi bò. Ó jókòó tì mí, ó ń bó ọsàn, ó ní, "Mma, mò ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ yín gidigidi. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, máa gbàdúrà fún tiwa."

Mo ní kí ni ó fẹ́ kí n sọ fún Ọlọ́run.

"Sọ fún un pé àwọn ọmọ wa dára," ló wí. "Òótọ́ ni. Kò ní bínú sí ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun sọ tiẹ̀ síta, ó sì fi ṣeré. Èmi gbé tèmi wọ yàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú eré náà, Petrus pe ìpàdé. Ó ní òfin kan wà tí a ti ń fojú fò. Kí ajubọ́ọ̀lù tó jù, ó gbọ́dọ̀ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹni tó di igi mú lè rí i. Ó ní wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo kóòṣì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ọ̀la, ẹni tí kò bá dúró, kí a ké e. Ìjù àìtọ́ ni, gbogbo ẹni tó bá sì wà lórí béèsì á sún síwájú ní béèsì kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò pọn dandan. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i pé ọwọ́ Ṣadé kì í dúró. Bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá ti fara kan ara wọn, bọ́ọ̀lù ti lọ. Mo sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Lórí pápá wa ni, níbi tí aago mẹ́wàá ti ń lé wa, tí èmi fúnra mi ti ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ajubọ́ọ̀lù pé ó yá, ó yá. Ọdún mẹ́fà, n kò ké e rí.

Lẹ́bàá ẹ̀rọ omi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, mo lọ pọn omi gbígbóná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣadé wà níbẹ̀, òun nìkan. Kí n tó yí padà, ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù náà.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ ohun tó kù. Ọmọ á wà nílẹ̀ títí àgbà á fi dáhùn. Àgbà á béèrè bó ṣe sùn, á súre fún un, bí ohun kan bá sì wà tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀, ibẹ̀ ni á ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Kò ju mẹ́ta lọ: jẹ́ kọ́wọ́ dúró. Ìtẹnumọ́ kan péré, irú èyí tí mo ti ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n inú ìpàdé ampáyà ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, dìde." Mo gbé ife mi, mo kọjá.

Nígbà tí mo dé ilẹ̀kùn mi, mo wẹ̀yìn. Ó ti dìde, ó ń wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí ohun tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí á rò ni: kí ni mo ṣe fún wọn?

Ìpín keje

Mo wo eré náà láti orí àga àwọn ampáyà. Ará Kenya ló wà lẹ́yìn ilé. Ní ìpín kejì, ó gbé ọwọ́ sókè: ìjù àìtọ́. Ṣadé wò ó bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè. Kóòṣì wọn sáré jáde, ó ṣàlàyé fún un. Ṣadé mi orí pé ó yé òun, ó gbìyànjú. Ó dúró nínú ìjù mẹ́ta, mẹ́rin. Bí eré bá ti gbóná, ọwọ́ náà á tún gbàgbé.

Ìpín méje ni eré náà. Nígbà tó di ìkeje, ayò mẹ́ta sí mẹ́ta ni, ọmọ Gaborone kan sì wà lórí béèsì kẹta, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ilé. Àwọn ọmọ Yaba ń pariwo ní Yorùbá láti ibi ìjókòó wọn. "Ẹ̀gbọ́n Ṣadé, ẹ rọra. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó jù. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ará Kenya gbé ọwọ́ sókè, ọmọ Gaborone sì rìn wọlé. Kò sáré. Ó rìn ni, nítorí òfin ló gbé e wọlé. Ayò kẹrin nìyẹn, eré sì parí: Gaborone ló borí.

N ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí àga yẹn, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, gbogbo ohun tí mo ti kọ kò wúlò. Inú mi dùn. Kò ju ìgbà tí èèyàn á fi mí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí Ṣadé tó dúró láàárín pápá, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mma Kelebogile na ọwọ́ sí mi, ó fi ọwọ́ òsì ti ìgúnpá. "Tìrẹ ni, mma," ló wí. Kò sí ìlara kankan lójú rẹ̀. N kò lè wò ó pẹ́.

Àṣekágbá

Ẹ ti rí àwòrán náà lórí fóònù. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, mo fi irin bo ojú. Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. N kò ṣe àṣìṣe kan tí mo mọ̀, Petrus sì bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun kò rí àléébù kan láti kọ sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè wà lórí ìjókòó tàbí kí wọ́n má tó bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Lẹ́yìn irin yẹn, mímí ara ẹni nìkan ni èèyàn ń gbọ́. Nígbà tó parí, ẹgbẹ́ méjèèjì sáré bá àwọn èèyàn wọn. Àwa ampáyà gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ.

Ẹnu géètì

Ìdíje ti parí, òfin náà ti parí. Mo lọ sí ibi tí àwọn ọmọ Yaba wọ̀ sí. Wọ́n ń kẹ́rù sínú ọkọ̀. Wọ́n yí mi ká, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, Bísí ní òun ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ará Surulere ni ampáyà yẹn. Ṣadé dúró lẹ́yìn títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ tán. Ó kí mi. Mo dáhùn dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo béèrè bàbá rẹ̀, mo béèrè ara rẹ̀. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Tíṣà, ẹ ti rí ọwọ́ mi, àbí?"

"Mo rí i."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní tí a dé ibí. Láti Èkó pàápàá."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù níwájú yín, mà. Ẹ ò sọ ọ́ rí."

Mo sọ fún un pé ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ nípa aago mẹ́wàá àti àwọn tó ń súfèé. Mo sọ nípa ìpàdé, àti ìwé tí mo fọwọ́ sí, pé bí mo bá sọ ọ́ fún un lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, mo ti rú òfin. Ó fetí sílẹ̀ bó ṣe máa ń fetí sílẹ̀ ní kíláàsì, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ó yé mi," ló wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ò ní gba àṣekágbá ńkọ́, mà? Ká ní kò kàn yín rárá. Ṣé ẹ ò bá ti sọ ọ́?"

Wọ́n ti ń pè é láti inú ọkọ̀. Mo lè sọ pé rárá. Ìdáhùn tó mọ́ ni ìbá jẹ́, òfin ìdíje sì wà lẹ́yìn mi.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

"Ó dáa, mà," ló sọ. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọlé lọ bá àwọn yòókù.

Mo ti padà sí pápá wa láti ìgbà náà. Mo ti ń ké ìjù àìtọ́ ní Sátidé, àwọn kóòṣì ń bínú sí mi, àwọn eléré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sì ń dúró kọjá aago mẹ́wàá. Ṣadé ń wá, ó ń kí mi, ó ń jù. Kò tún bi mí ní ìbéèrè náà. Èmi ni mò ń bi ara mi, bí mo bá ń ti ilẹ̀kùn, bí mo bá ń dáná oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo. N kò tíì rí ìdáhùn. Ọjọ́ tí mo bá rí i, bó ti wù kó rí, Mushin ni mò ń lọ láti lọ sọ ọ́ fún un.